Ohùn Tó Kọ̀ Tí Kò Dákẹ́ Nínú Dùùrù Bẹẹrẹ

Ẹsẹ̀ Mojọlá kì í sinmi. Bó bá jókòó nídìí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ ní Ìdí Arẹrẹ, ẹsẹ̀ ń lọ. Bó bá dìde, tó lọ ń koná sábẹ́ ìkòkò ọbẹ̀, ẹsẹ̀ ṣì ń lọ, gìgísẹ̀, ọmọ ìka, gìgísẹ̀, ọmọ ìka, bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ láṣọ. Kódà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí àlùfáà bá ní kí gbogbo ìjọ kúnlẹ̀, ẹni tó bá wo ẹ̀yìn rẹ̀ á rí bàtà méjèèjì tí wọ́n ń mì. Àwọn ọmọ àdúgbò ti fi ṣe orin. Bí wọ́n bá ti rí i lókèèrè, àtẹ́wọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn:

Mojọlá, kí lẹsẹ̀ ń wá?
Kò tíì rí i, ó ń wá a.
Ó tẹ̀ ẹ́ lápá ọ̀tún,
Ó tẹ̀ ẹ́ lápá òsì,
Ilẹ̀ ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mo ti gbọ́!"

Inú kì í bí i. Òun náà á bá wọn gbè é, á sì máa lọ, ẹsẹ̀ á máa ṣe tirẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ohun tí ẹsẹ̀ ń wá, dùùrù ni. Kì í ṣe dùùrù kékeré inú ilé-ìwé, èyí tó rí bí àpótí aṣọ. Dùùrù ńlá onífèrè ni, tó ga kan àjà, tí fèrè rẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún, tó ní eyín funfun àti eyín dúdú fún ọwọ́, tó tún ní igi gbọọrọ gbọọrọ nílẹ̀ fún ẹsẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n tẹ̀ á fi ọwọ́ ọ̀tún kọ orin kan, á fi ọwọ́ òsì dá a lóhùn, á tún fi ẹsẹ̀ méjèèjì kọ ẹ̀kẹta lábẹ́ wọn, ẹni kan ṣoṣo o, bí ẹni pé agbo kan ló jókòó síbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Èkó ló ra tuntun, tó fi ògbólógbòó yìí ta ṣọ́ọ̀ṣì Ìrètí lẹ́bàá Bẹẹrẹ lọ́rẹ. Rélùwéè ló gbé e dé Ìbàdàn, àwọn alábàárù sì fi orí rù ú gun òkè wá. Nígbà tí àwọn àgbà Ìsàlẹ̀ Òsì rí fèrè òjé gbọọrọ gbọọrọ lórí àwọn ènìyàn, wọ́n rò pé ìbọn ni ìjọba ń kó lọ sórí Òkè Màpó. Ogun kò tíì pẹ́ tán nígbà náà. Bàbá kan ti ń wá àpò ọfà rẹ̀ kí wọ́n tó sọ fún un pé orin ni.

Ọdún mẹ́fà ni Mojọlá fi gbé lọ́dọ̀ ìyàwó àlùfáà kan ní Èkó, níbi tó ti kọ́ dùùrù. Bí o bá gbé ìwé orin tí kò rí rí síwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ á ti dé ìdajì ojú ìwé kejì nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà ní èkíní. Ní gbogbo Ìbàdàn lọ́dún náà, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ dùùrù kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ Bàbá Adégòkè, olórí ìgbìmọ̀ ìjọ, ló wà. Ó so ó mọ́ okùn ṣòkòtò rẹ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ nìkan ló ń tú u, fún wákàtí kan. Àwọn ọjọ́ tó kù, orí pákó ni Mojọlá ń tẹ̀. Ó fi èédú ya eyín dùùrù sórí pátákó tó fi ń gé aṣọ, ó to ọparun sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ fún ẹsẹ̀. Á jókòó, á tẹ odidi orin kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò ní sí ohùn kankan nínú ilé àfi ti ìka lórí igi, kó-kó-kó, bí òjò tó ń ronú bóyá kó rọ̀.

Bàbá Adégòkè kò fẹ́ kí obìnrin jókòó sídìí dùùrù náà títí lọ. "Fún orin ọmọdé, ó dáa," ni Bàbá wí. "Ṣùgbọ́n dùùrù ńlá? Ẹni tó so ìró mọ́dìí, báwo ni yóò ṣe máa ju ẹsẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún níwájú Ọlọ́run?" Ó kọ̀wé pe ọ̀gbẹ́ni kan láti Èkó, Mísítà Olúṣẹ́gun, tí òkìkí rẹ̀ kàn. Àlùfáà ló bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún Mojọlá láyè. Wọ́n wá fi àdéhùn sí i: ní Sátidé tó ṣáájú Kérésìmesì, kọ́ńsáàtì yóò wà, Olúṣẹ́gun yóò tẹ̀, Mojọlá yóò tẹ̀. Ẹni tó bá borí ni yóò gba kọ́kọ́rọ́. Ẹni tí kò bá borí, kò tún ní fọwọ́ kan dùùrù náà mọ́.

Ìyẹn ni pé tí Mojọlá bá pàdánù, pátákó èédú ló kù fún un títí ayé.

Ṣé ẹ rí i báyìí pé kò lè sinmi?

Wàhálà mìíràn tún wà. Dùùrù náà kò lè dá mí. Ẹnì kan ní láti wà lẹ́yìn aṣọ títa, kó máa fi ọ̀pá gígùn kan fẹ́ atẹ́gùn sínú àpò awọ ńlá tó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àpò yìí sì ni eku ti jẹ ní ọ̀nà Èkó, atẹ́gùn ń jò níbẹ̀, dùùrù kò lè kọ orin kan tán. Bàbá Adégòkè ní kí wọ́n kọ̀wé sí Lọ́ńdọ̀nù fún òmíràn. Mojọlá ò lè dúró de Lọ́ńdọ̀nù. Ó dìde, ó di Bẹ́yẹrúnkà, agboolé àwọn alágbẹ̀dẹ, lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń jẹ́ Kúbúrá. Bàbá Kúbúrá kò bí ọkùnrin, òun ló kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń rán ẹwìrì, ìyẹn àpò awọ tí alágbẹ̀dẹ fi ń fẹ́ná, àti bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ẹ. Ó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún, apá rẹ̀ sì nípọn bí itan ẹlòmíràn.

"Ìyá, ẹ wá bá mi wo nǹkan kan ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Níbo?" Kúbúrá gbé omi tó ń mu sílẹ̀. "Èmi tí bàbá mi ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí yìí? Kí wọ́n lè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lágboolé?"

"Ẹwìrì ni, ìyá. Ẹwìrì tó tóbi tó yàrá yín."

Kúbúrá ti dìde. Ó ti ń wá abẹ́rẹ́. "Kí ló dé tí o ò tètè sọ bẹ́ẹ̀?"

Awọ ewúrẹ́ ló fi lẹ̀ ẹ́, ó rán an dáadáa, atẹ́gùn ò jò mọ́. Nígbà tí wọ́n wá ẹni tí yóò máa fẹ́ ẹ, tí gbogbo àwọn ọkùnrin ìjọ ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn orin kan, Kúbúrá ní kí wọ́n yà fún òun. Àmọ́ bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń fẹ́ná ló ṣe fẹ́ ẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, fú-fà, fú-fà, pẹ̀lú agbára. Dùùrù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó ń kọrin bí ẹni tí ibà mú.

"Ìyá, iná kọ́ là ń fẹ́," ni Mojọlá ń pariwo nídìí dùùrù. "Ẹ ṣe é bí ọmọ ọwọ́ tó ń mí lójú oorun!"

"Ọmọ ọwọ́ wo ló tóbi tó báyìí?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi bá ara wọn fà á. Níkẹyìn, Kúbúrá rántí orin kan tí bàbá rẹ̀ ń kọ nígbà tó bá ń fẹ́ irin wẹ́wẹ́, irin abẹ́rẹ́, tí kò fẹ́ iná líle. Ó ń kùn ún lẹ́yìn aṣọ títa, ọ̀pá ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀, jẹ́jẹ́:

Fẹ́ ẹ o, fẹ́ ẹ,
Iná ò gbọdọ̀ sùn.
Irin ń bọ̀ lọ́nà,
Irin ń bọ̀ wá jó.
Fẹ́ ẹ o, fẹ́ ẹ.

Láti ọjọ́ náà, ohùn dùùrù tẹ́jú bí omi inú àwo. Ọkọ Kúbúrá ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ nílé: "Wọ́n ní o ti di onígbàgbọ́." Kúbúrá á ní, "Afẹ́fẹ́ ni mò ń fẹ́ fún wọn. Ṣé afẹ́fẹ́ lẹ́sìn ni?"

Sátidé dé. Ọyẹ́ mú láàárọ̀ ọjọ́ náà tó fi jẹ́ pé ètè ń ya, òkè Màpó fúnra rẹ̀ ò hàn láti Bẹẹrẹ. Mojọlá ti jí tipẹ́tipẹ́, ó ti tẹ pátákó èédú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, èédú ti kùn gbogbo ìka rẹ̀, ó ń fọ̀ ọ́ kò lọ. Ó gba Ọjà'ba kọjá, ó padà, ó gbàgbé bàtà. Ó tún gba Ọjà'ba kọjá. Nígbà tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì, òórùn òrí lu imú rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ọyẹ́ ta ni kì í fi òrí para? Kò ronú kan ohunkóhun.

Ilé ti kún. Mísítà Olúṣẹ́gun kọ́kọ́ jókòó. Kọ́là ọrùn rẹ̀ le, bàtà rẹ̀ ń dán, ó tẹrí ba fún Mojọlá kó tó bẹ̀rẹ̀. Kí a má purọ́, ó mọ̀ ọ́n tẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Mojọlá jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú, ó ń gbọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń bá a lọ lábẹ́ ìró, ọkàn rẹ̀ ń sọ pé, ó dára, ó dára jù, mo gbé.

Àfi bó ṣe dé ìdajì orin náà tí ohùn kan kọ̀ tí kò dákẹ́. Àárín gbùngbùn ló wà, kò ga, kò rẹlẹ̀. Olúṣẹ́gun gbé ọwọ́ kúrò lórí eyín rẹ̀. Ó ń ké. Ó tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tẹ, tẹ, tẹ. Ó ń ké. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè pátápátá bí ẹni tí ọlọ́pàá mú, gbogbo fèrè dákẹ́, ẹyọ kan yìí nìkan ló kù nínú ilé tó ń ké fíììììì, bí ọmọ ewúrẹ́ tí ìyá rẹ̀ sọnù. Àwọn ọmọdé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Adégòkè ní kí wọ́n dá afẹ́fẹ́ dúró. Wọ́n dá a dúró, ó dákẹ́. Wọ́n tún fẹ́ ẹ, ó tún bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti dúró.

Olúṣẹ́gun pa ìdérí dùùrù dé. "Bàbá, ara ẹ̀rọ yìí ò yá. Kò sẹ́ni tó lè tẹ orin lórí irú èyí, yóò máa bá gbogbo ohùn yòókù jà."

"Ta ló fọwọ́ kan dùùrù yìí?" Bàbá Adégòkè ti dìde dúró. "Kó jáde síta! Tí ẹlòmíràn ò bá lè tẹ̀ mọ́, ẹni tí a gbọ́ la gbọ́. Mísítà Olúṣẹ́gun ló ni kọ́kọ́rọ́."

Mojọlá ti wà lẹ́yìn aṣọ títa kí Bàbá tó parí ọ̀rọ̀. Kúbúrá dúró ti ọ̀pá rẹ̀.

"Mojọlá, èmi ni."

"Kí lẹ ṣe?"

"Lánàá, nígbà tí wọ́n ṣílé fún gbígbá, mo bá wọn wọlé. Mo yọ pákó ẹ̀gbẹ́ kan. Mo rí àwọn ìdérí kéékèèké tó wà lábẹ́ fèrè, awọ ni wọ́n fi bo gbogbo wọn, ọyẹ́ sì ti gbẹ wọ́n. Mo fi òrí pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí a ṣe ń ṣe ẹwìrì nìyẹn tí ọyẹ́ bá dé, tí a kì í jẹ́ kó ya. Mo ní kó lè bá ẹ rọ̀ lọ́wọ́ ni."

Òrí. Mojọlá lóye ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Òtútù òwúrọ̀ ti mú òrí dì, ó ti di kókó lábẹ́ ìdérí kan, ìdérí náà ò lè padé mọ́. Láti yọ ọ́, àfi kí wọ́n tú ìdajì dùùrù. Kò sáyè.

Kúbúrá ti ń sọ ìborùn rẹ̀ sí èjìká. "Jẹ́ kí n jáde lọ bá bàbá yẹn. Èmi ló ṣe é, kí wọ́n má fi jẹ ọ́ níyà."

Mojọlá di aṣọ rẹ̀ mú. "Ẹ dúró síbí. Ta ni yóò fẹ́ ẹ fún mi? Ẹ di ọ̀pá yín mú. Ohun yòówù tí ẹ bá gbọ́, ẹ má jẹ́ kó tán."

Ó jáde. "Bàbá, èmi ni mo mú ẹni tó tún awọ rẹ̀ ṣe wá, ọ̀rọ̀ mi ni. Ṣùgbọ́n ó kàn mí láti tẹ̀."

"Bó ṣe ń ké yẹn?"

"Bó ṣe ń ké yẹn náà, Bàbá."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Mojọlá ṣí ìdérí, ó jókòó. Afẹ́fẹ́ wọlé, fíììììì, ohùn yẹn bẹ̀rẹ̀. Mojọlá gbé ọwọ́ rẹ̀ tí èédú kùn lé itan, kò tẹ nǹkan kan. Ó ń tẹ́tí sí i. Àwọn tó wà níwájú sì rí ohun tí wọn ò rí rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n: ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Dúró jẹ́ẹ́.

Orin tó fẹ́ tẹ̀, ti baba ará Jámánì kan tó ti kú tipẹ́ ni. Ojú ìwé mọ́kànlá. Níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí, òun àti ohùn tó ń ké yìí yóò máa gbá ara wọn létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Olúṣẹ́gun mọ ìyẹn. Ìwé orin náà wà lórí orúnkún rẹ̀, òun náà ti kọ́ ọ rí, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọ tó fẹ́ bẹ́ sódò.

Mojọlá pa ìwé tiẹ̀ dé.

Ó gbé odidi orin náà kúrò níbi tí baba ará Jámánì fi í sí, ó gbé e wá sórí ohùn tó ń ké. Gbogbo rẹ̀ ni o. Ibi tó ti yẹ kí ìka tẹ funfun, ó tẹ dúdú; ibi tó ti mọ́ ọn lára kí ẹsẹ̀ yà sí ọ̀tún, ó yà á sí òsì. Ohun tó fi oṣù mẹ́jọ kọ́ lórí pákó, ó tún un kọ́ lójú ẹsẹ̀, níwájú ènìyàn. Ohùn tó ń ké yẹn ò wá jà mọ́. Ó di okùn, Mojọlá ń sín ìlẹ̀kẹ̀ sí i: pupa, búlúù, wẹ́wẹ́, ńlá. Nígbà mìíràn orin á lọ jìnnà débi pé o rò pé kò ní í padà, á sì gba ẹ̀yìn wọlé wá bá ohùn yẹn tó ti ń dúró dè é. Àwọn obìnrin ẹ̀yìn dákẹ́ ọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín ya ẹnu. Olúṣẹ́gun ń ṣí ìwé, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀, ó tún ń wo ìwé, ó pa ìwé dé, ó dìde dúró láìmọ̀.

Lákòókò yìí, oòrùn ti lá ọyẹ́ kúrò lókè. Páànù ṣọ́ọ̀ṣì ń ró kán-ín kán-ín, ilé ti móoru, èémí gbogbo ènìyàn yẹn ti gbóná nínú rẹ̀. Òrí bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Ó ku ojú ìwé méjì péré, ni ohùn yẹn bá dákẹ́. Pọ́. Láìkílọ̀.

Bí ẹni tó fara ti ògiri tí wọ́n gbé ògiri lọ ni ọ̀rọ̀ náà rí lára Mojọlá. Ọwọ́ rẹ̀ já wálẹ̀ díẹ̀. Ó lè tẹ eyín yẹn fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ìka wo ló ṣẹ́kù? Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló níṣẹ́ lọ́wọ́.

Láti ẹ̀yìn aṣọ títa, ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Kúbúrá ni. Etí rẹ̀ ni ohùn yẹn ti ń ké sí láti àárọ̀, ó ti mọ ilé rẹ̀. Ó mú un gẹ́lẹ́ níbi tó já sí, "hùùùùn," ọ̀pá ò sì dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin ẹ̀yìn gbà á lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ọkùnrin gbà á. Gbogbo ilé ń kùn ún, ẹnu pípadé, bí oyin inú igi. Mojọlá wọ inú rẹ̀ padà. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ ohun tí kò sí nínú ìwé ará Jámánì kankan: fẹ́ ẹ o, fẹ́ ẹ, iná ò gbọdọ̀ sùn. Ohùn ńlá ìsàlẹ̀ ń gbé e, ìkélé fèrèsé ń mì. Wọ́n gbọ́ tí ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn aṣọ títa.

Ó parí. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó yẹ kí òun dákẹ́ ìkùn, wọ́n ṣì ń kùn ún lọ fúngbà díẹ̀.

Bàbá Adégòkè nu ojú. "Orin mímọ́ gidi ni ti ìparí yẹn," ni Bàbá wí. "Ti ẹsẹ̀ yẹn. Ìlú òyìnbó wo ni wọ́n ti kọ ọ́?"

"Kò jìnnà, Bàbá," ni Mojọlá wí.

Olúṣẹ́gun ti dé iwájú. "Bàbá, ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́. Kì í ṣe ohun tó wà nínú ìwé yìí ló tẹ̀. Ó ṣí gbogbo rẹ̀ nípò, ó gbé e ka orí ohùn tó bàjẹ́, kò já ọ̀kan ṣoṣo sílẹ̀. Èmi ò lè ṣe é. Mi ò sì mọ ẹni tó lè ṣe é ní Èkó." Ó yíjú sí Mojọlá. "Mísì Mojọlá, dùùrù wo lẹ fi ń kọ́ṣẹ́ nílé?"

Mojọlá fi ìka dúdú rẹ̀ hàn án. Kò yé e.

Ìgbìmọ̀ kò jókòó pẹ́. Iṣẹ́ tó le jù ni títú kọ́kọ́rọ́ náà. Láti ọjọ́ tí Bàbá Adégòkè ti so ó mọ́ okùn ṣòkòtò, kókó rẹ̀ ti le bí òkúta. Bàbá fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò mú, ó ń fi èkejì fà á, àlùfáà ń fi eyín ràn án lọ́wọ́, gbogbo ìjọ ń wo òkè bí ẹni pé àwọn ò rí nǹkan kan. Nígbà tó já, ó bọ́ sọ́wọ́ Mojọlá, ó gbóná.

Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an, òun àti Kúbúrá nìkan ló kù nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti yọ pákó ẹ̀gbẹ́. Wọ́n jókòó sílẹ̀, àkísà lọ́wọ́, wọ́n ń nu òrí kúrò lábẹ́ ìdérí fèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò tíì dé ìdajì, Kúbúrá sì ti ń bínú sí ara rẹ̀ nínú èdè méjì, Yorùbá àti ti kéwú.

Ó dé orí èyí tó ké. Ó dúró.

"Ṣé kí n fi èyí sílẹ̀? Òun ló gbà ọ́."

Mojọlá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ nù ún, ìyá. Ẹ nù ún kó mọ́, kẹ́ ẹ sì lọ fẹ́ afẹ́fẹ́ wá. Mo fẹ́ gbọ́ bó ṣe ń dákẹ́."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń lọ lórí símẹ́ńtì.